Wáyà sẹ́ńsọ̀ tó ti gan: ẹ gé e dé ibi tó ṣì rọ̀

Tépù dúdú kì í tún wáyà sẹ́ńsọ̀ ọkọ̀ tó ti gan ṣe. Ooru ẹ́ńjìnnì ti gbẹ ohun tí wọ́n pò mọ́ ike rẹ̀ kí ó lè rọ̀, ike náà wá ń fọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ojú ibi tó fọ́ nìkan ni tépù máa bò. Ibi tó kàn láti fọ́ kò jìnnà síbẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń wọ̀n nǹkan lára ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n sábà máa ń sáré rà, nígbà tó jẹ́ pé wáyà ló jẹ̀bi. Ẹ wo èyí tó ń wọ̀n ooru omi ẹ́ńjìnnì: bí ẹ̀rọ ayẹ̀wò bá ń ka -40°C nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, wáyà ti já tàbí sókẹ́ẹ̀tì ti yọ. Bí ó bá ń ka ooru ńlá nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, àfàìmọ̀ kí wáyà méjèèjì má ti kanra wọn. Bí sẹ́ńsọ̀ bíi mẹ́ta bá sì kú pọ̀, ẹ wá wáyà tó ń gbé iná 5V tí wọ́n jọ ń lò. Ó ṣeé ṣe kó ti kan irin níbì kan. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún wáyà láti wọ̀n ọ́n, omi á gba ojú ihò yẹn wọlé. Ẹ̀yìn sókẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ gbà.

Ẹ tú orí négétíìfù bátìrì, kí ẹ tú ìdì wáyà láti ìdí sókẹ́ẹ̀tì lọ sọ́nà brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀). Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ. Ibi tí ike ti tẹ̀ láìsán, tí bàbà inú rẹ̀ sì ń dán, ni kí ẹ ti gé e. Bàbà tó ti dúdú kò gba ìsopọ̀ dáadáa. Ẹyọ kan ni kí ẹ gé, kí ẹ so ó tán, kí ẹ tó kan èkejì, àgàgà níbi tí àwọ̀ ti ṣí.

Wáyà tuntun gbọ́dọ̀ nípọn tó ti tẹ́lẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ 0.5 sí 0.75 mm². Ẹ wá èyí tó lè gba 125°C. Wáyà iná ilé á tún gan.

Nípa ìsopọ̀, mi ò fẹ́ jíjó léèdì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Léèdì máa ń fà wọ inú okùn bàbà, á sọ ọ́ di igi, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á sì ṣẹ́ ẹ níbi tí léèdì parí sí. Ẹ fi pílíásì tó yẹ tẹ ọ̀pá bàbà kékeré oníhò mọ́ ojú méjèèjì, kí ẹ fà á wò, kí ẹ wá fi ooru sún rọ́bà tó ní gọ́ọ̀mù nínú lé e. (Ẹ ti rọ́bà yẹn bọ wáyà kí ẹ tó so ó!) Ẹ jẹ́ kí ìsopọ̀ kan fi 3 sí 4 cm jìnnà sí èkejì. Ní ti sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, léèdì jẹ́ èèwọ̀: inú wáyà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gba atẹ́gùn ìta tí wọ́n fi ń wọ̀n, léèdì á dí i.

Bí wáyà sẹ́ńsọ̀ kíránkì (èyí tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì) bá ní àwọ̀n bàbà lára, ẹ so àwọ̀n náà padà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó kan irin ẹ́ńjìnnì. Orí kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń so ó mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Àwọn wáyà méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ tún wọn lọ́ pọ̀.

Kí ẹ tó dì í, ẹ yọ sókẹ́ẹ̀tì orí méjèèjì, kí ẹ wọ̀n ọ́n: láti orí dé orí kò gbọdọ̀ ju 1 ohm lọ, wáyà kan àti èkejì kò sì gbọdọ̀ gba iná láàárín ara wọn. Tépù aláṣọ ni kí ẹ fi dì í, kí ẹ kó o sínú họ́ọ̀sì ike tó hunjọ. Ẹ gbé e jìnnà sí irin èéfín, kí ẹ sì jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀ láàárín ẹ́ńjìnnì àti bọ́dì, torí ẹ́ńjìnnì máa ń mì lórí ìjókòó rẹ̀.