Ẹ mọ bí ẹ ó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó dá èdè yín

Èdè tí èmi àti àbúrò mi hun nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Ìkéré-Èkìtì, èmi gan-an ò lè kà á mọ́.

Ẹnà la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n: ẹ ó ki g àti fáwẹ̀lì bọ ẹ̀yìn sílébù kọ̀ọ̀kan, "mo fẹ́ lọ" á wá di "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ". Àṣé màmá wa ti ń fi ẹnà ṣe òfófó kí wọ́n tó bí wa. La bá ní a ó hun tiwa láti ìpìlẹ̀. Odindi ìwé kan la fi kó ọ̀rọ̀ jọ, ṣùgbọ́n bí ẹni ń kọ Gẹ̀ẹ́sì la ṣe kọ ọ́: c ń dún bíi k níhìn-ín, ó ń dún bíi s lọ́hùn-ún, kò sì sí àmì ohùn kankan.

Ọdún gorí ọdún, mo ṣí ìwé náà. Mo bá "cora". Ohun tí a kọ síwájú rẹ̀ ni "òjò, ẹ̀gbọ́n". Ọ̀rọ̀ méjì ni o, kórà àti kòrá, ohùn ló yà wọ́n. Àwa tí igbá, igba àti ìgbà wà lẹ́nu wa láàárọ̀ lálẹ́! Ojú tì mí.

Esperanto, èdè tí ènìyàn kan jókòó hun bíi tiwa, ló là mí lójú. Zamenhof, dókítà ojú, ló gbé e jáde ní Warsaw ní 1887. Lẹ́tà 28 ni, lẹ́tà kan fún ìró kan. Sílébù tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n sì máa ń tẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ ka ìró yín tán, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ọ̀rọ̀ lọ.

Ibi tí mo ti bá a jà ni fìlà tó dé c, g, h, j àti s lórí (u náà ru nǹkan bí igbá: ŭ). Ilé ìtẹ̀wé tí kò ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, Zamenhof ní kí wọ́n fi h sẹ́yìn lẹ́tà. Lónìí, x ni ọ̀pọ̀ ń fi síbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Wàhálà tí ẹ, ọ àti ṣ ń kó bá àwa náà nìyẹn.

Nǹkan mìíràn: a kò jẹ́ kí u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kankan, torí pé Yorùbá inú ìwé kò fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ulé ni ìyá àgbà wa ń pe ilé, uṣu ni wọ́n ń pe iṣu! Nígbà tí a tún un hun, u ni mo kọ́kọ́ dá padà.

A yọ c kúrò. A sì fẹnu kò pé bí àmì òkè bá ṣòro tẹ̀ lórí fóònù, kí a fi h rọ́pò rẹ̀: kohra ni òjò, korah ni ẹ̀gbọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "kora n bo". Mo dúró lójúde, mi ò mọ̀ bóyá kí n sáré ká aṣọ ni, àbí kí n gbé iṣu kaná de ẹ̀gbọ́n wa.