Ebi tí Lia fi dí ilẹ̀kùn

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Mo parí Wintergirls lọ́sàn-án òní, ìwé ìtàn tí Laurie Halse Anderson kọ fún àwọn ọ̀dọ́, tó jáde lọ́dún 2009. Láti ìgbà tí mo ti pa á dé, òwe kan ló ń lọ tó ń bọ̀ lọ́kàn mi: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò rí jẹ la sábà máa ń pa á fún. Lia, ọmọ ọdún 18 tó ń sọ ìtàn yìí, rí jẹ, oúnjẹ kún ilé wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ebi pa ara rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ kan má baà ráyè wọlé.

Ọ̀rọ̀ náà ni ikú Cassie, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Àwọn méjèèjì ti jọ mulẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó àwọn nílé ìwé. Àìsàn anorexia, èyí tó ń mú kí èèyàn fi ebi pa ara rẹ̀ torí ìbẹ̀rù sísanra, mú Lia; bulimia, èyí tó ń mú kí èèyàn jẹ àjẹjù kó sì bì í, mú Cassie; ọ̀rẹ́ sì dàrú. Cassie wá kú sínú yàrá mòtẹ́ẹ̀lì kan, òun nìkan. Lóru ọjọ́ náà, ìgbà 33 ló pe Lia lórí fóònù. Lia ò gbé e.

Ibi tí Anderson ti mú mi jù ni iṣẹ́ tó fún àwọn òbí. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn ni ìyá Lia. Bẹ́ẹ̀, ọkàn gan-an ni àìjẹun máa ń bá jà: á máa lù lọ́ra, á máa lù ségesège, ó sì lè dákẹ́. Obìnrin tó ń tún ọkàn àwọn àlejò ṣe ni ọmọ rẹ̀ sá fún lọ sílé bàbá. Bàbá ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtàn. Ó mọ ohun tó ṣe àwọn tó ti kú tipẹ́, kò mọ ohun tó ń ṣe ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ nídìí tábìlì.

Jennifer, ìyàwó bàbá, ni wọ́n wá gbé iṣẹ́ òṣùwọ̀n lé lọ́wọ́: òun ló ń wọn Lia. Nínú àlọ́ tiwa, a ti mọ ohun tí ìyàwó bàbá máa ń ṣe. Mo ń retí ìkà, n ò rí i. Obìnrin tó ti rẹ̀ ni mo rí, tó sì ń bẹ̀rù nítorí Emma, ọmọ tirẹ̀. Emma yìí, ọmọ kékeré, ni Lia fẹ́ràn jù nínú ilé. Òun náà ló wá fojú rí ohun tí kò yẹ kí ọmọdé rí.

Nínú ìwé náà, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n fi ìlà pa rẹ́, ṣùgbọ́n tó ṣì ṣeé kà. Lia á fẹ́ sọ pé “ìyá mi”, á pa á rẹ́, á kọ “Dókítà Marrigan”. (Nọ́ọ̀sì ni màmá tèmi. Kí n pè wọ́n ní Nọ́ọ̀sì? Háà!) Ohun tó ń wu ọmọ náà gan-an wà lábẹ́ ìlà wọ̀nyẹn. Èyí tí kò parẹ́, ebi ló ń sọ ọ́.

New Hampshire, ní Amẹ́ríkà, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, nígbà òtútù, pẹ̀lú yìnyín. Èmi tí ọyẹ́ nìkan mo mọ̀ kọ́kọ́ rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni òtútù yẹn. Àṣé ara tí kò jẹun kì í lè mú ara rẹ̀ gbóná. Òtútù inú ìwé ti wà nínú egungun Lia kó tó wà níta.

Cassie náà ò lọ. Ó ń yọ sí Lia lóru, ó ń rùn bí atalẹ̀ àti ṣúgà tó jóná, ó ń pè é pé kó máa bọ̀. Àkúdàáyà tiwa máa ń sá lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ni Cassie wá bá. Ṣé òkú ni, àbí ojú ẹni tí ebi ń pa ló ń rí i? Anderson ò bá wa dá a, mo sì fara mọ́ ọn. Elijah, ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní mòtẹ́ẹ̀lì tí Cassie kú sí, ò wọ̀ mí lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi pé wọ́n kàn nílò ẹni tí Lia máa parọ́ fún.

Ohun kan ń kọ mí lóminú. Lia máa ń kọ nọ́ńbà kálórì, ìyẹn iye agbára tó wà nínú oúnjẹ, sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ tó bá rí. Ẹni tí àìsàn yìí ti ń yọ́ wọ̀ lára lè kó nọ́ńbà wọ̀nyẹn, kó fi ìyókù ìtàn sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ yá ìwé náà, òun náà sì ti ń yẹ ara rẹ̀ wò jù nínú dígí. Mo ní kó wá lọ́jọ́ Sátidé, ká jọ máa kà á. Ó fèsì lórí WhatsApp: “Àǹtí, ṣé ó nípọn?” Mo ní kò tó ojú ewé 300.