Gbèsè tó ń bí gbèsè

Láti àárọ̀ ni inú ti ń bí mi. Ẹ̀gbọ́n kan ló sọ pé ọ̀lẹ ló sọ Haiti, orílẹ̀-èdè kan ní erékùṣù Karibíánì, di tálákà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná."

Ọdún 1804 làwọn ẹrú ibẹ̀ fi ogun gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Nígbà tó di 1825, Ọba Charles Kẹwàá ti Faransé kó ọkọ̀ ogun ránṣẹ́: ẹ san 150 mílíọ̀nù fránǹkì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbọn á dún. Owó kí ni? Owó "ohun-ìní" táwọn olóko Faransé tó ní ẹrú pàdánù. Àwọn ẹrú náà wà lára ohun-ìní ọ̀hún o! Ẹni tí wọ́n jí gbé ló tún ń san owó ìtanràn fún gbọ́mọgbọ́mọ. Paris náà ni Haiti ti lọ yá owó tó fi san án, tòun tèlé. Faransé dín owó ìtanràn náà kù sí 90 mílíọ̀nù lọ́dún 1838, síbẹ̀ ó di 1947 kí Haiti tó san gbèsè tó tìdí ẹ̀ yọ tán.

Amẹ́ríkà ńkọ́? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní oṣù Kejìlá 1914, àwọn ológun rẹ̀ wọ báńkì ibẹ̀, wọ́n gbé wúrà 500,000 dọ́là jáde nínú àpótí onígi, ó di New York. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n padà wá jókòó lé Haiti lórí títí di 1934.

Ẹ̀gbọ́n ò tíì dá mi lóhùn.