Wọ́n Ní Àwọn Máa Pè Wá Padà

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Agbára, kí wọ́n tó ní kí àwa mọ́kànlá máa lọ. Ọjà ò tà, wọ́n ní. Ọ̀gá HR, ìyẹn ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ní, "Tí nǹkan bá ti rọ̀, ẹ̀yin la máa kọ́kọ́ pè." Mo gbà á gbọ́, n ò wáṣẹ́ lọ síbì kankan.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni mo rí àwọn ọmọ kan tí wọ́n ń wọlé níbẹ̀, káàdì tuntun lọ́rùn wọn. Mègáádì ní, "Bọ̀dá, orúkọ yín ò sí níbí o."

Inú bí mi, mo lọ bá lọ́yà kan ní ìjọ wa. Ó ní kò sófin tó ní dandan ni kí ilé-iṣẹ́ aládàáni gba èèyàn padà, kóòtù kì í sì í fipá mú ọ̀gá láti gba òṣìṣẹ́ tí kò fẹ́. Iṣẹ́ ìjọba tí òfin ti là á sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yọni yàtọ̀: ní 1985, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Èkó kan padà sẹ́nu iṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ torí HIV tàbí àbùkù ara ni wọ́n ṣe kọ èèyàn, òfin 2014 àti 2018 wà fún ìyẹn.

"Ìwé tí wọ́n fún yín dà?" Inú ọ̀rá káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ mi ló wà. Ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ títí ó fi dúró. Owó ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n san fún mi dípò nótíìsì. Ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún, oṣù kan ni abala 11 òfin iṣẹ́ fún un. Abala 20 tún ní kí wọ́n sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí ẹni tó dé kẹ́yìn sì kọ́kọ́ lọ, àfi tí iṣẹ́ bá mọ́ ọn lọ́wọ́ ju ti ẹlòmíì. Wọn ò sọ fún ẹgbẹ́ kankan.

Lẹ́tà kan péré ló kọ, wọ́n san ìyókù. Ó tún bi mí bóyá mo ti béèrè owó pẹ́ńṣàn mi. Ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, tí kò ríṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin, lè gbà tó ìdá 25 nínú 100 owó rẹ̀. Oṣù kan gbáko ni mo ti fi jókòó lórí owó mi!

Mo ní ìlérí ọ̀gá HR yẹn ńkọ́? Ó ní, "Ta ló máa jẹ́rìí sí i?" Mo pe àwọn mẹ́wàá tó kù. Mẹ́ta péré ló gbé fóònù. Àwọn náà ní àwọn ṣì ń retí kí wọ́n pe àwọn padà.