Owó tí yóò kọ́ ọmọ níṣẹ́ àdìrẹ ní Abẹ́òkúta

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá rìn dé Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta, tí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn aláró wú lórí, ló máa ń fẹ́ gbé owó kalẹ̀ kí ọmọ kan lè kọ́ iṣẹ́ náà. Inú rere ni. Àmọ́ bí owó náà bá ṣe rìn ló máa sọ bóyá ọmọ yóò gba fírídọ̀mù tàbí yóò já iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Ẹ má san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ó máa tẹ̀ lé iṣẹ́. Ti àkọ́kọ́ ni owó ìwọlé. Ọ̀gá ni kí ẹ san án fún, níṣojú òbí tàbí alágbàtọ́, kí ẹ sì kọ àdéhùn: iye ọdún, iye ọjọ́ lọ́sẹ̀, àti irú àdìrẹ tí wọn yóò kọ́ ọmọ, yálà oníko, alábẹ́rẹ́, ẹlẹ́kọ tàbí bàtíkì tí wọ́n ń fi àbẹ́là ṣe. Bí èyí ò bá sí nínú ìwé, ọmọ lè fi ọdún kan gbáko pọn omi, kó fọ aṣọ, kó má fọwọ́ kan aró. Kì í ṣe pé ọ̀gá burú. Àdéhùn ẹnu lásán, kálukú ló ń rántí tirẹ̀.

Ìdá kejì ni ti ohun èlò, ibẹ̀ gan-an sì ni owó ti ń ṣòfò jù. Ọ̀pọ̀ aláró máa ń wọn ṣíbí aró kan, kọ́sítíìkì sódà kan, háídírọ́ọ̀sì méjì. Háídírọ́ọ̀sì, kẹ́míkà oníyẹ̀fun kan, ló ń mú kí aró yọ́ kó lè wọ inú òwú. Bí wọ́n bá fa aṣọ yọ nínú aró ẹlú, bí ewé ló máa kọ́kọ́ rí. Atẹ́gùn ló máa sọ ọ́ di búlúù lójú yín. Ṣùgbọ́n ọ̀tá háídírọ́ọ̀sì ni ọ̀rinrin. Olùrànlọ́wọ́ tó bá ra odidi àpò kan torí pé ó dín owó, kí oṣù díẹ̀ tó kọjá, agbára rẹ̀ ti lọ: aró ò ní yọ́ dáadáa, aṣọ á ṣì, ọmọ ni wọ́n á sì bú pé kò mọ̀ ọ́n rẹ. Bí omi bá kán sínú rẹ̀, ó tún lè gbóná títí tí yóò fi gbiná. Kílò kan kan ni kí ẹ máa rà, nínú ike tí ìdérí rẹ̀ le pinpin, kì í ṣe nínú náílọ́ọ̀nù tí a so lẹ́nu.

Ti kọ́sítíìkì tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú omi ni wọ́n ń da kọ́sítíìkì sí; bí wọ́n bá da omi lé e lórí, ó lè hó ta sókè sójú ọmọ. Ó máa ń jẹ abọ́ alumíníọ̀mù, nítorí náà abọ́ ike ni kí ẹ rà. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgúnpá ni kí ẹ rà, kì í ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀, kí ẹ sì kà á mọ́ ohun tí à ń rà léraléra, torí ó máa ń ya. Ọ̀rọ̀ kọ́sítíìkì kì í ṣe tòní ní ìlú yìí: ní àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin dè é pẹ̀lú aró òyìnbó, àwọn obìnrin aláró sì dìde ta kò ó.

Ẹ fi ìdá kẹta pa mọ́ di ọjọ́ fírídọ̀mù. Kéèkì àti aṣọ ẹbí ló sábà máa ń gbé owó yẹn lọ, ó sì ń dun èèyàn. Aṣọ funfun, abọ́ ńlá méjì, sítóòfù, tábìlì, fóòmù tí wọ́n fi ń tẹ àbẹ́là sára aṣọ, àti àbẹ́là fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi rà.

Bí ọmọ bá ṣì wà nílé ìwé, ẹ má yọ ọ́. Sátidé àti ìgbà ìsinmi tó láti fi kọ́ṣẹ́. Owó WAEC, ilé ìwé ni kí ẹ san án fún, kí ẹ gba rìsíìtì.

Ohun tí àwọn olùfúnni kì í sábà rántí ni ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ń ṣírò owó aṣọ àti aró, wọ́n á gbàgbé àbẹ́là, gáàsì àti agbára ara wọn, wọ́n á sì máa tà á ládàánù. Ẹ san owó ẹni tí yóò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde. Abẹ́òkúta ti ṣe irú rẹ̀ rí: ní 1944 ni ẹgbẹ́ àwọn ìyá tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ń darí bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, kí ẹgbẹ́ náà tó di Abeokuta Women's Union ní 1946.

Lẹ́yìn fírídọ̀mù, ọjà ló kù. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà tó jọ àdìrẹ kún ọjà báyìí, owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Aláró tuntun ò lè bá a du owó. Iṣẹ́ ni kí ẹ gbé fún un. Ẹ fún un ní ìdajì owó ṣáájú, kí ẹ sì ro ti òjò mọ́ ọn, torí aṣọ kì í tètè gbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ àádọ́ta ọ̀pá fún ìnáwó oṣù Kẹsàn-án, oṣù Keje ni kí owó ìdajì ti dé ọwọ́ rẹ̀.