Wákàtí mẹ́fà tí mo sọ fún Màámi

Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Màámi sì ń bọ̀ wá bá wa wẹ ọmọ. Oṣù kìn-ín-ní ni, òtútù ń mú gan-an. Èmi ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, láti Ìkẹjà sí pápákọ̀ òfurufú JFK ní New York, bàálù tí kì í yà síbì kankan. Ó máa gbéra ní aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́, ó máa balẹ̀ ní aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí. Mo pè wọ́n: "Màámi, wákàtí mẹ́fà péré ni. Ẹ máa sùn, kí ẹ tó lajú, ẹ ti dé."

Torí ọ̀rọ̀ mi yìí, inú àpótí ńlá tó wọ abẹ́ bàálù ni wọ́n kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sí, wọ́n láwọn á lò ó táwọn bá délé wa láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n jí, aago ọwọ́ wọn ti lu mẹ́fà, ìta ṣì dúdú kirikiri. Ọmọkùnrin tó jókòó tì wọ́n ní, "Mọ́mì, àárín òkun la wà o. Ó ku bíi wákàtí márùn-ún."

Bí wọ́n ṣe jáde sí mi ní pápákọ̀, ẹsẹ̀ wọn ti wú, bàtà ò wọlé mọ́. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ tán. "Àkàndé, wákàtí mẹ́fà tìẹ dà?"

Aago Èkó ni wọ́n fi kọ ìgbà tí bàálù gbéra, aago New York ni wọ́n fi kọ ìgbà tó balẹ̀. Nígbà òtútù, wákàtí mẹ́fà ni New York fi wà lẹ́yìn Èkó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, wọ́n á sún aago síwájú, á ku márùn-ún. Tiwa kì í yí padà. Wákàtí méjìlá ni Màámi lò lórí ìjókòó.

Mo tún ti fi ọgbọ́n orí pín ọ̀nà náà wò. Ó tó bíi 8,400 kìlómítà, bàálù sì ń sá tó 900 ní wákàtí kan, ìyẹn bíi mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Àṣé afẹ́fẹ́ líle kan wà lókè lọ́hùn-ún tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, ó sì máa ń le sí i nígbà òtútù. Ẹni tó ń lọ Amẹ́ríkà dà bí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ dojú kọ atẹ́gùn òjò. Ìgbà tí bàálù fi ń rìn nílẹ̀ kó tó fò náà wà nínú ìṣirò.

Nígbà tí Màámi ń padà lóṣù kejì, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń tì wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n gbéra ní aago kan ọ̀sán, wọ́n balẹ̀ ní aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ọjọ́ kejì. Lórí ìwé, wákàtí mẹ́rìndínlógún àbọ̀. Lójú ayé, mẹ́wàá àbọ̀.

Tẹ́ ẹ bá rí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tó gba Doha ní orílẹ̀-èdè Qatar, ẹ kọ́kọ́ wo máàpù. Ìlà oòrùn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé ẹni tó ń lọ ìwọ̀ oòrùn lọ, ó lé ní 5,000 kìlómítà, kí wọ́n tó wá fò ju 10,000 lọ sí New York. Èmi ò lè fi ìyẹn rán àgbàlagbà níṣẹ́.

Oògùn Màámi ti ń wà nínú báàgì ọwọ́ báyìí, wọ́n sì ń dìde rìn láàárín ìjókòó. Tí mo bá sì ti pe aago fún wọn, wọ́n á ní, "Dúró ná. Ti Èkó ni àbí tiyín?"