Ibi Afárá Ni Òkè Ti Ń Bẹ̀rẹ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lórí Kẹ̀kẹ́ Lẹ́yìn Odi Àkúrẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kẹ̀kẹ́, tí ẹ sì ń béèrè ọ̀nà tí ẹ ó máa gbà jáde kúrò ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ Sátidé, ọ̀rọ̀ tí mo ní fún yín kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí mo ti ń ṣà á jọ lórí títì. Ohun tí ó ń dá ọ̀pọ̀ nínú yín padà lójú ọ̀nà kì í ṣe òkè gan-an. Bí ẹ ṣe wọ àfonífojì, bí ẹ ṣe kọjá lórí afárá, àti jíà tí kẹ̀kẹ́ yín wà nígbà tí títì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, àwọn wọ̀nyí ni ó ń pinnu bóyá ẹ ó gun òkè náà tàbí ẹ ó sọ̀kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí a wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà Ìdànrè lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò rí àwọn àpáta ràbàtà níwájú, ẹ̀rù yóò sì bà á. Orí àpáta wọ̀nyẹn ni àwọn ará Ìdànrè gbé títí di 1923 kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìlú tí ó wà nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 sì ni àlejò ń gùn lónìí kí ó tó dé ìlú àtijọ́ náà. Ṣùgbọ́n títì kò gun orí wọn. Ìdí àpáta ni ó ń fẹ̀gbẹ́ gbà kọjá. Òkè tí ojú ń rí kọ́ ni òkè tí itan ń san gbèsè rẹ̀. Èyí tí ó ń tánni lókun ni èyí tí igbó bò, tí ó farasin sí ìdí odò. Odò Ògbèsè àti odò Ọ̀wẹnà ń ṣàn láti àríwá lọ sí gúúsù, odò Àlà tí ó la Àkúrẹ́ kọjá sì ń lọ dà pọ̀ mọ́ Ògbèsè. Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ dojú kọ ìlà-oòrùn, ọ̀nà Oǹdó dojú kọ ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà àwọn méjèèjì ń dábùú odò ńláńlá wọ̀nyí àti gbogbo ìṣàn kéékèèké tí ń bọ́ sínú wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń sọ̀ tí ẹ sì máa ń gùn láìsinmi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òkè kan tí ẹ lè nàka sí pé òun ni ó rẹ̀ yín.

Ìmọ̀ràn tí ẹ ó gbọ́ lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni pé kí ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ sáré dáadáa ní ìsọ̀kalẹ̀, kí ẹ lè fi eré yẹn gun òkè tí ó kàn. Níbi tí títì bá jọ̀lọ̀, tí ọkọ̀ kò sì pọ̀, ìmọ̀ràn náà kò burú. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, n kò fara mọ́ ọn, ẹ sì lè fi ìṣirò wo ìdí rẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́. Ẹ sọ eré kẹ̀kẹ́ di iye mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ fi iye náà lọ́po ara rẹ̀, kí ẹ wá pín in sí 19.6, ohun tí ó bá jáde ni iye mítà tí eré náà lè gbé yín ga sókè. Ẹni tí ó bá dé orí afárá pẹ̀lú eré kìlómítà 30 ní wákàtí yóò rí nǹkan bíi mítà 3.5 gbà níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì fi 50 dé ibẹ̀ yóò rí nǹkan bíi mítà 10, láì tíì yọ ti afẹ́fẹ́ tí ó ń dí i lọ́nà kúrò. (Ìwúwo kò sí nínú ìṣirò yìí rárá, nítorí náà kí ẹni tí ó sanra má ṣe rò pé èrè tirẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ.) Bí òkè tí ó wà níwájú bá ga tó mítà 40, ìyàtọ̀ bíi mítà mẹ́fà tí ẹ fi ewu rà yẹn kò tó nǹkan. Ẹsẹ̀ yín ni yóò gun èyí tí ó kù.

Ewu náà sì pọ̀. Ìsàlẹ̀ àfonífojì ni omi òjò ń gbá iyanrìn lọ, ibẹ̀ ni ọ̀dà ti ń kọ́kọ́ bó, etí afárá níbi tí kọnkéré àti ọ̀dà ti pàdé sì ni kòtò máa ń gbẹ́ ara rẹ̀ sí. Láàárọ̀, afẹ́fẹ́ tútù tí ó ti wọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ lóru a máa fi kùrukùru bo ojú odò, tí ẹni tí ó wà lórí òkè kò fi ní rí afárá rárá. Ẹ tún rántí pé awakọ̀ náà gbọ́ ìmọ̀ràn tí ẹ gbọ́: òun pẹ̀lú ń tú jíà sílẹ̀ ní ìsọ̀kalẹ̀ kí ó lè rí ipá gun ìkejì, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá sì kún fún gẹdú, kò ní lè dúró nítorí yín lórí afárá tóóró. Nítorí náà, kí ẹ tó dé afárá, ẹ wẹ̀yìn. Bí ẹ bá gbọ́ ìró ọkọ̀ ńlá, ẹ yà sí etí ọ̀tún kí ó kọ́kọ́ kọjá. Eré tí ẹ pàdánù kò ju mítà mélòó kan náà lọ.

Ní ti bíréèkì, ti iwájú ni ó ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí pé ìwúwo ara ń rọ̀ síwájú bí kẹ̀kẹ́ bá ń dín eré kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fà á lójijì nínú kọ́nà tàbí lórí iyanrìn yóò bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ dín eré kù tán kí ẹ tó wọ kọ́nà. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ rọra fà á ṣáájú kí rọ́bà lè nu omi kúrò lára rímù, nítorí bíréèkì tí ó tutù kì í tètè dáhùn. Àkọ́rọ̀ òjò ni kí ẹ bẹ̀rù jù, nígbà tí eruku ọyẹ́ àti epo ọkọ̀ bá pò pọ̀ lórí ọ̀dà. Kòkó àti láfún tí àwọn ènìyàn sá sí etí títì náà kò dára fún táyà, yàtọ̀ sí pé olóko kò ní fi ojú rere wò yín.

Nígbà tí ẹ bá ti kọjá lórí afárá, ọ̀rọ̀ kan jíà. Ẹ yí i kí títì tó dìde, nígbà tí pẹ́dà ṣì fúyẹ́ lẹ́sẹ̀, nítorí ṣéènì tí a yí pẹ̀lú ipá lè fò tàbí kí ó já. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tí a ń rà ní eyín 42 lára jíà iwájú, jíà tí ó tóbi jù lẹ́yìn kò sì ju eyín 24 lọ. Yíyí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan lórí rẹ̀ ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ ní nǹkan bíi mítà 3.7, èyí tí ó le jù fún òkè gígùn. Eyín 34 níwájú àti 32 lẹ́yìn ń gbé e lọ ní nǹkan bíi mítà 2.2, ẹni tí ó bá sì ń yí i nígbà 70 ní ìṣẹ́jú kan yóò máa lọ ní kìlómítà 9 àti díẹ̀ ní wákàtí. Eré yẹn kò wu ojú, àwọn ọmọdé etí títì yóò sì fi yín rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orúnkún yín yóò dúpẹ́. Kí ẹ tó ra kẹ̀kẹ́ mìíràn, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe bóyá ó lè fi eyín ẹ̀yìn tí ó tóbi jù sí èyí tí ẹ ní.

Ẹ má ṣe dá nìkan lọ, ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì ti padà sílé kí oòrùn tó mú. Ní ibi títẹ́jú, títẹ̀lé ẹni iwájú pẹ́kípẹ́kí ń dín iṣẹ́ kù gan-an nítorí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n lórí òkè àǹfààní yẹn kò tó nǹkan mọ́, nítorí náà kí oníkálukú gùn ún bí agbára rẹ̀ ti mọ, kí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé orí rẹ̀ dúró de àwọn yòókù. Omi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà tó. Ẹ máa mu ún kí òùngbẹ tó gbẹ yín.

Fún ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà Ìdànrè dára. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbìyànjú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ dé Ògbèsè, kí ẹ ṣẹ́rí padà. Ọ̀nà Iléṣà ni mo ń yẹra fún, nítorí eré tí àwọn tírélà ń sá níbẹ̀ kọjá ohun tí mo lè gbà ọmọ ẹlòmíràn níyànjú láti wọ̀. Ẹni tí ó bá ti lè dé afárá Ọ̀wẹnà lójú ọ̀nà Oǹdó, tí ó sì padà dé Àkúrẹ́ láì sọ̀kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́, kí ó wá bá mi, a ó jọ lọ sí Oǹdó.